Ẹni Tí Ìwé Gbàgbé Sẹ́yìn

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé kí ló gbé mi dé Tamale. Wọ́n á ní àwọn tó ń jáde ní Nàìjíríà, Kánádà ni wọ́n ń lọ, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń lọ, ta ló ń lọ sí àríwá Gánà? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ tíṣà ni mo bá wá. Irọ́ kọ́. Àmọ́ mo ní iṣẹ́ tíṣà ní Ṣakí kí n tó kúrò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lé mi. Ẹlòmíràn ni wọ́n lé nítorí ohun tí èmi ṣe. Àgbàlagbà tó kọ́ mi níwèé ni, ojú wọn ni mi ò sì lè wò mọ́ tí mo fi kó ẹrù mi.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn tó ń sọ ìtàn ara wọn nínú ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, mo sì mọ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Wọ́n á kọ́kọ́ ka ìyà tó jẹ wọ́n, kí àánú wọn lè ti ṣe ọ́ kí o tó gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Èmi náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ẹ má bínú, nítorí ojú mi kọ́kọ́ rí nǹkan ní Tamale.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni àwọn obìnrin orí alùpùpù. Ní Ṣakí, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo mọ̀ mọ́ obìnrin. Ní Tamale, ìyá àgbà tó fi ìbòrí bo orí yóò gbá alùpùpù mú, yóò pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, yóò kọjá lára rẹ, yóò sì fi eruku bò ọ́ mọ́lẹ̀. Èmi tí mo kàwé gboyè, ẹsẹ̀ ni mo ń fi rìn, tàbí kí n há mọ́ inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti adìyẹ. Oúnjẹ wá tẹ̀ lé e. Èlùbọ́ iṣu tí mo mọ̀ láti kékeré ni wọ́n máa fi omi wọ́n, wọ́n á gbé e sórí ooru títí yóò fi di wóró wóró, wọ́n á da òróró àti ata sí i, wọ́n á pè é ní wasawasa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, mo sunkún sínú àwo. Kì í ṣe pé kò dùn. Èlùbọ́ ìyá mi ni mo rí níbẹ̀, kò sì jọ ara rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan tó ti ṣòwò níbẹ̀ rí ló júwe ilé Hájíà Sáfúrátù fún mi, ní àdúgbò Zogbeli. Bàbá bàbá Hájíà ni àfáà tó ti Ìlọrin wá. Tamale ni wọ́n bí bàbá wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn náà sí, wọn ò sì dé Ìlọrin rí. Wọ́n ń ta ọṣẹ, tòmátò inú agolo àti bátìrì lórí tábìlì níwájú ilé. Yorùbá wọn dùn, ṣùgbọ́n Hausa wà káàkiri inú rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ Yorùbá, Hausa ni wọ́n fi ń dáhùn.

"To, ọmọ Ṣakí," ni wọ́n wí lọ́jọ́ tí mo dé, "yàrá rẹ nìyí. Omi ẹ̀rọ ń wá lọ́jọ́ Àtàláátà àti Jímọ̀ọ̀, kó o tètè jí. Tí àwọn ará ibí bá ní 'Dasiba,' wọ́n ń kí ẹ káàárọ̀ nìyẹn. Kó o ní 'Naa.'"

"Tí wọ́n bá wá sọ nǹkan mìíràn ńkọ́, Hájíà?"

"Kó o ṣáà máa ní 'Naa.' Ó máa sú wọn fúnra wọn."

Mo fi "Naa" gbé oṣù mẹ́ta. Mo ń kúnlẹ̀, mo ń dáhùn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Bóyá wọ́n bi mí pé ṣé ènìyàn rere ni mí, mo ní "Naa."

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní àdúgbò Lamashegu ló gbà mí síṣẹ́. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn tó fẹ́ jáde. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ọkùnrin Dàgọ́ńbà kan, ọmọ onílẹ̀ Tamale, tó fara balẹ̀, ka lẹ́tà tí mo kó wá láti Ṣakí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹni tó kọ lẹ́tà yìí mà fẹ́ràn mi o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tí wọ́n lé nítorí mi náà ló ti kọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, nígbà tí nǹkan ṣì dára.

Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń rò ó. Olú ẹ̀dá ìtàn ni ẹni tí ìwé ń tẹ̀ lé káàkiri, ibi tó bá gbà ni ìwé náà gbà. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nínú àwọn ìwé àtijọ́ náà, ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé lè jẹ́ akọni: ọmọ òrukàn tí ìyà jẹ, tí kò purọ́, tó wá di ẹni iyì níkẹyìn. Ó sì lè jẹ́ òdìkejì akọni: agbéraga, onírọ́, ẹni tó gun èjìká ẹlòmíràn dé òkè. A mọ̀ pé kò dára, síbẹ̀ a kì í fẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ló fà á.

Ọmọkùnrin kan ní jarumi ni, jarumi sì lè ṣe ohun tó bá wù ú. Bí wọ́n ṣe ń pe akọni ní Hausa nìyẹn, ohun kan náà sì ni wọ́n ń pe òṣèré tó léwájú nínú fíìmù, nítorí náà kò yé e pé jarumi lè jẹ́ èèyànkéèyàn. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ràhínátù nawọ́. Ọmọ Yorùbá ni, láti àdúgbò Nyohini; Anàgó ni àwọn ará Tamale ń pe àwa Yorùbá.

"Mádáàmù," ó ní, "òun la bá jí láàárọ̀. Òun la bá jẹun, a mọ ibi tó ń dùn ún. Ẹni tó ṣe níkà, ojú ewé méjì la fi rí i."

Mo ní ó káre. Mo kọ ọ́ sójú pátákó. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ ariwo, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pariwo.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun, màmá mi máa ń pè mí láti ṣọ́ọ̀bù. Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ni wọ́n ń tà ní Ṣakí, ní ojú ọ̀nà ọjà. Wọ́n á bi mí bóyá mo ti sanra, wọ́n á ka àwọn tó bímọ àti àwọn tó kú fún mi. Ní ìparí wọ́n á wá mẹ́nu kan Mọ́mì, tíṣà mi àtijọ́.

Mọ́mì Bísí ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ wa, nítorí Bísí ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn. Àwọn ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì láti fọ́ọ̀mù wáànù. Nígbà tí mo kàwé tán, àwọn ló ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́, lábẹ́ àwọn, ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí tí kì í ṣe ọwọ́ wọn ni mo ti gbà á.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Ìwé ìtàn méjì ló wà lórí ètò ẹ̀kọ́ wa lọ́dún náà. Ọ̀kan jẹ́ ti akọni, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo lo sáà méjì gbáko lórí rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti oníwàkiwà kan tó ń fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀, mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń sún un síwájú títí ìdánwò fi ku ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀rù wá bà mí. Mo yá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ìwé ìdánwò sí lọ́wọ́ Mọ́mì, mo ní rẹ́jísítà ni mo fẹ́ mú. Mo ṣí àpò ìwé ìdánwò, mo ka ìbéèrè, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Orí ìwé kejì ni ìbéèrè tó pọ̀ jù dá lé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n máa bi wọ́n gan-an. Àwọn ọmọ yege jù, gọ́ọ̀mù náà sì hàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀, Mọ́mì ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n sì lé wọn.

"Mọ́mì ń kó lọ," ni màmá mi sọ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan.

"Kó lọ sí ibo?"

"Ọ̀dọ̀ Bísí ni. Òpin oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ti gbé ilé wọn fún ẹlòmíì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò jẹ́ kí Mọ́mì kọ́ àwọn ọmọdé mọ́. Wọ́n ní lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún táwọn ti ń kọ́ ọmọ níwèé ní ìlú yìí, ọmọdé wá ń nawọ́ sáwọn pé ìyá tó ń ṣí ìdánwò nìyẹn."

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Ó ń dùn ẹ́, mo mọ̀," ni màmá mi wí. "O fẹ́ràn wọn. Má fìyẹn ṣe ara rẹ léṣe níbẹ̀ o."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Inú mi bàjẹ́, mo sì tún ń jẹ oyè ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Bí mo bá fẹ́ kí orúkọ Mọ́mì mọ́ kí wọ́n tó kúrò ní Ṣakí, èmi nìkan ni mo lè sọ ọ̀rọ̀ tó máa fọ̀ ọ́, mo sì mọ ìgbà tí àyè máa tán. Mo lọ sùn.

Kí ẹ má rò pé ẹkún nìkan ni mo ń sun ní Tamale. Mo ra alùpùpù, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Hájíà ló kọ́ mi, láti orí àga wọn níwájú ilé, láì dìde. Wọ́n á ní, "Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, haba, má wo ilẹ̀, ilẹ̀ kọ́ lò ń lọ." Mo wó lu tábìlì ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí mo gùn ún láti Zogbeli dé Lamashegu láì sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́nu géètì. Mo yọ fóònù jáde láti ròyìn rẹ̀. Orúkọ Mọ́mì ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ wá. Mo fi fóònù padà sápò.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè mí. Ó ní iṣẹ́ mi wu òun, kí n di olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì. Ó fà dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde.

"Ti kọ́bọ́ọ̀dù ìwé ìdánwò nìyí," ó ní. "Ọwọ́ rẹ ló máa wà."

Mo gbà á. Mo dúpẹ́. Mo dé ilé, mo fi kọ́kọ́rọ́ náà sábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò lè sùn lé e, mo gbé e sínú bàtà. Ojú ń tì mí níwájú irin lásán.

Hájíà ni kò jẹ́ kí n rí ibi sá sí, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, a máa ń tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lágbàlá. Wọ́n rí mi tí mò ń kàwé níbẹ̀, wọ́n ní kí ló wà nínú ìwé tí mo ń fajú ro sí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ìtàn inú rẹ̀ fún wọn, díẹ̀díẹ̀, ní Yorùbá. Wọn ò bìkítà bóyá olú ẹ̀dá ìtàn jẹ́ akọni tàbí kò jẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé ta ni ìyá rẹ̀, ṣé ó ń kí àgbà.

Ìwé tí à ń sọ lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́kùnrin kan ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ dàgbà nínú ilé ńlá kan ní ìgbèríko England. Ìyá àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà ló tọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá àgbà náà ní "ó," bí ìwé náà ṣe pè é. Hájíà dá mi dúró.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ìyá ọ̀hún?"

"Ó tó àádọ́rin."

"Àádọ́rin, o wá ń pè wọ́n ní 'ó.' Ṣé nítorí pé wọ́n ń fọ abọ́?"

Mo tọrọ gáfárà. Mo ń pe ìyá àgbà ní "wọ́n" láti ibẹ̀ lọ. Mo wá dé ibi tí ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó onílé ti pòórá. Mo ní, "Ilẹ̀ mọ́, ìyàwó onílé ṣí àpótí, ẹ̀gbà ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti jí i gbé."

Hájíà lu itan. "Walahi, mo mọ̀. Mo ti ń fura sí ìyá àgbà yẹn."

"Rárá, Hájíà. Kì í ṣe ìyá àgbà. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló jí i."

"Haba. Ìwọ lo ní wọ́n ti jí i. Ta lò ń pè ní wọ́n láti ìgbà tí a ti jókòó? Ọmọkùnrin yẹn, 'ó' lo pè é."

"Wọ́n tí mo sọ yẹn, kò ní ẹni kan pàtó nínú. Pé wọn ò tíì mọ ẹni tó jí i ni."

"To," ni Hájíà wí. "O ò bá sọ pé ó sọnù. Wọ́n lo sọ, èmi sì gbọ́ ìyá àgbà."

Mo di ìwé náà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mu omi.

Ohun tí mo sọ níwájú ìgbìmọ̀ ní Ṣakí nìyẹn gan-an. Ọ́fíìsì onílé ẹ̀kọ́ la wà. Ó ti tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí wọ́n ti ń bi Mọ́mì nípa kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn. Alága wá kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ tíṣà, lọ́jọ́ ìdánwò, báwo lo ṣe bá àpò ìwé ìdánwò?"

Mo ní, "Wọ́n ti ṣí i, sà."

Ká ní Gẹ̀ẹ́sì la sọ ni, mi ò bá ti mú ọ̀kan: ẹnì kan tí mi ò mọ̀, tàbí obìnrin yìí tó jókòó tì mí. Yorùbá gbà mí láyè láti má mú ìkankan. Mo fẹ́ kó dà bíi pé àpò náà kàn ṣí ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá yẹn tí mo lè pè ní wọ́n lọ́nà bẹ́ẹ̀ ju Mọ́mì lọ, tí orúkọ wọn ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Alága yíjú sí wọn. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ." Gbólóhùn kan péré ni mo nílò: rárá sà, kì í ṣe àwọn ni mo ní lọ́kàn. Mo wo bàtà mi. Mọ́mì wò mí, wọ́n wò mí pẹ́, wọn ò sì sọ pé èmi ni mo yá kọ́kọ́rọ́. Mi ò mọ ìdí tí wọn ò fi sọ ọ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi sọ fún ara mi pé mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo padà sórí ẹní, Hájíà ò tíì kúrò nídìí ọ̀rọ̀.

"Ìyá àgbà yẹn ńkọ́? Níbo ni wọ́n wà níparí ìwé?"

Mo ṣí ìwé náà, mo wá a. Wọ́n lé ìyá àgbà náà ní orí kẹsàn-án. Láti ibẹ̀ dé òpin, wọn ò dárúkọ wọn mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà ni ìwé ń bá lọ. Ó ń kẹ́dùn. Ó rìn nínú òjò, ó kọ oúnjẹ, ó ní òun ò yẹ lẹ́ni tó ń mí. Ẹ̀dùn yìí gan-an ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi fàlà sí, pé ibẹ̀ ni ẹwà ìwé náà wà, ibẹ̀ ni òdìkejì akọni ti ń di ènìyàn lójú wa.

Mo sọ ọ́ fún Hájíà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ó lọ sílé ìyá àgbà?"

"Kò lọ."

"Kò ránṣẹ́ sí wọn?"

"Kò ránṣẹ́."

"To. Ẹkún ara ẹ̀ ló ń sun," ni Hájíà wí, wọ́n sì dìde lọ palẹ̀ ọjà wọn mọ́.

Mo jókòó síbẹ̀. Èmi náà ti rìn nínú eruku Tamale fún ọdún kan, mo ti sunkún sínú wasawasa, mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ sínú bàtà. Mo ń rò pé ẹ̀bi tó ń jẹ mí ni ìyà tí mo ń jẹ fún Mọ́mì. Mọ́mì ò sì rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Mo ti sọ ara mi di olú ẹ̀dá ìtàn nínú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ tiwọn. Inú bí mi sí ara mi, ó sì sàn ju àánú tí mo ti ń ṣe ara mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi, mo jáde sí ẹ̀yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́, mo pe Mọ́mì. Alùpùpù ń kọjá, mo sì ní láti gbé ohùn sókè.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì. Èmi ni."

"Mo mọ ohùn rẹ. Báwo ni Gánà?"

"Mọ́mì, èmi ni mo ṣí àpò ìwé ìdánwò yẹn."

"Èmi tí mi ò ṣí i," wọ́n ní, "tí mo fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́, ta ni mo máa rò pé ó ṣí i?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

"Mò ń dúró dè ẹ́ ni. Mo ní ọmọ tí mo kọ́ kò ní jẹ́ kí n dé ẹnu ọ̀nà." Wọ́n mí. "Mo ti dárí jì ẹ́. Ìdáríjì ò le fún mi. Orúkọ mi ni mo fẹ́. Kí lo wá ń sọ ọ́ fún mi sí? Èmi kọ́ ni mo bi ẹ́ léèrè. Àwọn tó bi ẹ́ ṣì wà níbẹ̀."

Wọ́n ní àwọn ń di abọ́ sínú páálí, kí n padà sí kíláàsì mi.

Mo ṣì wà nínú gúrúùpù orí fóònù tí àwọn tíṣà àti ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ṣakí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo gba ohùn mi sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ gùn, mo gbọ́ ọ padà, ìyà tó jẹ mí ní Tamale ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo pa á rẹ́. Èkejì ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú láti mọ bó ṣe rí lára mi" nínú, mo pa òun náà rẹ́. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ kò gùn. Mo dárúkọ ara mi àti orúkọ bàbá mi. Mo ní èmi ni mo ṣí àpò náà, mo sọ ọjọ́ tí mo ṣí i, mo ní Mọ́mì ò mọ̀ sí i, mo ní nígbà tí alága bi mí, mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́nà tó máa fi rò pé àwọn ni.

Ìdáhùn rọ́ wọlé. Àwọn kan bú mi, wọn ò jẹ̀bi. Alága kọ̀wé àforíjì sí Mọ́mì, wọ́n sì kà á ní ìpàdé àwọn òbí. Èmi fúnra mi mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Lamashegu, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní mo lè máa kọ́ àwọn ọmọ títí sáà yóò fi parí, lẹ́yìn ìyẹn òun á mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó mú lẹ́tà Mọ́mì jáde nínú fáìlì, ó tún un kà, ó sì dá a padà síbẹ̀.

Ẹni tí mi ò rò ni màmá mi. Mo ti ro Mọ́mì, mo ti ro iṣẹ́ mi, mi ò rò pé Ṣakí tí ń nawọ́ sí Mọ́mì máa wá ẹlòmíràn tí wọ́n máa nawọ́ sí. Màmá mi pè mí lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni lóòótọ́?" Mo ní, "Èmi ni, Màmá." Wọ́n pa fóònù. Jímọ̀ọ̀ kọjá, wọn ò pè. Jímọ̀ọ̀ kejì kọjá. Ìbátan wa kan sọ fún mi pé wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ara àwọn ò yá, pé àwọn oníbàárà ń bi wọ́n bóyá bí wọ́n ṣe tọ́ ọmọ wọn nìyẹn. Mo ti tún fi ọ̀rọ̀ ara mi ti ìyá kan mọ́lé. Mi ò fẹ́ jẹun lọ́jọ́ náà. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ Hájíà nípa ẹni tó ń sun ẹkún ara rẹ̀, mo dìde, mo jẹun.

Ọjọ́ tí Mọ́mì máa kúrò ní Ṣakí, màmá mi pè mí láàárín ọ̀sán. Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn wọn.

"Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà," wọ́n ní.

"Ẹ ti ṣí i?"

"Mọ́mì ló wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀. Ọkọ̀ ti kó ẹrù wọn lọ, wọ́n ní àwọn máa wọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n gbé àga síta, lójú ọ̀nà gan-an, wọ́n jókòó tì mí. Àtàárọ̀ la ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n á pè é ní orúkọ, wọ́n á ní kó wá kí mi." Mo gbọ́ tí wọ́n dá ẹnì kan lóhùn. "Gbogbo wọn ló ń kí mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní fóònù."

Mo gbọ́ tí màmá mi bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n padà wá.

"Wọ́n ní ọwọ́ àwọn dí. Wọ́n ń bá mi dá oníbàárà lóhùn."

Màmá mi ò pa fóònù, èmi náà ò pa á. Mo gbọ́ ohùn Mọ́mì, ohùn tí wọ́n fi ń kà wá lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì nígbà tí a wà ní kékeré. Wọ́n ń ka bọ́tìnnì sọ́wọ́ ẹnì kan, wọn ò kánjú, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mo dúró lẹ́bàá alùpùpù mi títí wọ́n fi kà á dé méjìlá.